Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Tó Ń Wáṣẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí ni ti ọmọ tó jáde yunifásítì tàbí politẹ́kíníìkì, tó ti sin ìlú fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, tó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ó ń gbé àpò ìwé-ẹ̀rí kiri láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà, láti Òṣogbo dé Àbújá. Ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ tó ogójì. Ibi mẹ́rin péré ni wọ́n ti dá a lóhùn. Níbi méjì, wọ́n ní kò sí àyè. Níbi kẹta, wọ́n ní ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún ni àwọn ń wá. Níbi kẹrin, wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní àwọn yóò pè é, títí di òní fóònù rẹ̀ kò dún. Àwọn mẹ́rìndínlógójì tó kù kò tilẹ̀ wí nǹkan kan. Ó sì jọ pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń dun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju "rárá" lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n lé mọ̀ pé wọ́n lé òun, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò dá lóhùn kò mọ̀ bóyá kí òun dúró ni tàbí kí òun máa lọ.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti í. Kò wá sí ìpàdé ọ̀dọ́ mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, bí lémọ́ọ̀mù bá ti ń sálámà báyìí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí àgbàlagbà kankan bi í pé, "Ọmọ wa, iṣẹ́ ń kọ́?" Nígbà tó bá yá, kò ní í jí kírun Súbúhì mọ́, nítorí pé kò rí ohun tó tìtorí rẹ̀ ń jí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iṣẹ́ tí kò rí kò lè ba ọ̀run rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n àìnírètí lè bà á jẹ́.

Kí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé nígbà mìíràn ìṣirò lásán ló lé e síta, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀, kì í sì í ṣe ìbínú Ọlọ́hun. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àjọ tó ń bójú tó ìwọlé-wọ̀de ní Nàìjíríà ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Àyè tó wà kò tó 5,000. Àwọn tó ń du ú lé ní 500,000, wọ́n sì ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 15 kú lórí iṣẹ́ tí wọn kò tíì rí. Bí ènìyàn bá pín in, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń du àga kan. Kódà kí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀mọ̀wé bí Imam Ṣáfíì, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìbá padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ta ni yóò wá sọ pé àwọn tó padà sílé yẹn kò wúlò?

Ọ̀pọ̀ òbí ni kò ṣe ìṣirò yìí. Àwọn bàbá tó jáde yunifásítì ní nǹkan bí 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, púpọ̀ nínú wọn rí iṣẹ́ kí wọ́n tó bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì yá wọn lówó ọkọ̀. Ayé yẹn ti ń bàjẹ́ kí ìjọba tó gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀ ní 1986, lẹ́yìn ìyẹn ó lọ pátápátá. Bàbá tó bá ń fi 1975 wọn ọmọ rẹ̀, òṣùwọ̀n tí kò sí lọ́jà mọ́ ló fi ń wọn ọkà. Kí ó yé sọ fún ọmọ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ pé ilé ló jókòó sí.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ti sọ ìbànújẹ́ àwọn ọmọ yìí di ọjà. Bí ọ̀dọ́ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní kó mú àgbò wá, kó mú owó hàntú wá, wọ́n á wé tírà fún un kó máa fi sápò lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ ni wọ́n ń gba owó àgbò lọ́wọ́ rẹ̀! Bí tírà bá ń fúnni níṣẹ́, àáfà tó ń wé e kò ní í máa jókòó de ọmọ aláìríṣẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó jẹun.

Àdúà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) fi kọ́ ìjọ rẹ̀ kò ní owó nínú. Isitikáárà ni: rákáà méjì tí kì í ṣe ti ọ̀ranyàn, lẹ́yìn náà kí ẹrúsìn bẹ Ọlọ́hun pé bí ohun tí òun dáwọ́ lé bá dára fún ẹ̀sìn òun àti ìgbé-ayé òun, kí Ó mú un rọrùn, bí kò bá sì dára, kí Ó yí i kúrò lọ́dọ̀ òun, kí Ó sì yí òun náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe àdúà yìí kó tó fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, tí wọn kò sì gbà á, ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún gan-an lè jẹ́ ohun tó rí gbà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ìparí àdúà náà, níbi tí ẹrú ti ń tọrọ pé kí Ọlọ́hun kádàrá oore fún òun níbikíbi tó bá wà, kí Ó sì jẹ́ kí ọkàn òun yọ́ sí i. Ìyọ́nú ọkàn náà jẹ́ ohun tí à ń tọrọ, kì í ṣe ohun tí à ń bí mọ́ni.

Nínú Àlùkùráánì, súrà kejìlá, tí í ṣe súrà Yúsúfù, ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ti lè rí ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù fún ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa fẹ́ràn ìtàn náà nítorí ẹwà Yúsúfù àti ọ̀rọ̀ aya ọ̀gá rẹ̀. Díẹ̀ ló ń kíyèsí i pé Yúsúfù náà ní ẹnìkan tó ṣèlérí láti bá a sọ̀rọ̀ níwájú ẹni ńlá, tó sì gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin tí Yúsúfù túmọ̀ àlá rẹ̀ lẹ́wọ̀n jáde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láàfin, kò sì rántí rẹ̀ mọ́. Yúsúfù lo ọdún púpọ̀ sí i lẹ́wọ̀n. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ tí Àlùkùráánì lò fún àwọn ọdún náà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta títí dé mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ́ tí ọ̀gá kan ṣèlérí fún ní oṣù Rámàdáánì, tí Iléyá sì ti kọjá láìgbọ́ nǹkan kan, kí ó ka ibẹ̀ dáadáa.

Kí ni Yúsúfù ń ṣe ní gbogbo àsìkò tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ yìí? Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn jẹ́rìí pé olóore ènìyàn ni. Ìwà rẹ̀ kò dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá dé. Nígbà tí ọba lálàá màlúù méje tó sanra àti méje tó rù, tí ọkùnrin yẹn sì wá rántí rẹ̀, Yúsúfù kò kọ́kọ́ bi í pé níbo lo ti wà láti ìgbà yìí. Ó dáhùn ìbéèrè náà, ó sì fi ètò lé e: bí wọn yóò ti gbin ọkà, bí wọn yóò ti fi í sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́, bí wọn yóò ti ṣọ́ ọ jẹ ní ọdún ìyàn. Nígbà tí ọba ránṣẹ́ pè é, kò tètè jáde. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́wọ̀n ni o, síbẹ̀ kò fẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ tó ti bàjẹ́.

Nígbà tí ọba sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, Yúsúfù kò sọ pé òun yóò ṣe iṣẹ́ kíṣẹ́ tí wọ́n bá fún òun. Ó dárúkọ iṣẹ́ tó fẹ́, ìtọ́jú àwọn àká ọrọ̀ ilẹ̀ náà, ó sì sọ ohun méjì tó mú kí ó yẹ fún un: ó lè pa nǹkan mọ́, ó sì ní ìmọ̀ rẹ̀. (Àwọn onímọ̀ ti jíròrò lórí èyí, nítorí pé Ànábì Muhammad kọ̀ fún sàhábé kan láti máa tọrọ ipò àṣẹ. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn sọ ni pé ẹni tó mọ̀ pé òun kún ojú òṣùwọ̀n, tí kò sì wá ògo, kò jẹ̀bi bó bá sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.) Ìwé ìwáṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń kọ lónìí kò sọ ju pé kí wọ́n ṣàánú àwọn. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kì í sábà rí àyè fún àánú. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ ẹni náà lè ṣe.

Bàbá Yúsúfù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú súrà yìí. Nígbà tí ìyàn mú, tí Yàkúbù ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ra oúnjẹ ní Mísírà, ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gba ibodè kan ṣoṣo wọ ìlú, kí wọ́n pín sí oríṣiríṣi ibodè. Ó sì sọ lójú kan náà pé òun kò lè fi ìyẹn dá kádàrá Ọlọ́hun dúró. Púpọ̀ nínú àwọn onítáfísírì ní ojú burúkú ló ń bẹ̀rù fún wọn. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó wá ọgbọ́n sí i, ó sì fi àbájáde rẹ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, èkíní kò ba èkejì jẹ́. Yorùbá náà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé báńkì nìkan ló ń kọ̀wé sí láti ọdún méjì, ibodè kan ṣoṣo ló dúró sí.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà padà dé, ọ̀rọ̀ ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti dá ọmọ mìíràn dúró lé ti Yúsúfù, ojú bàbá sì ti funfun nítorí ìbànújẹ́. Ohun tí Yàkúbù sọ fún wọn ni pé kí wọ́n padà lọ wá Yúsúfù àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Bí àwọn àṣẹ náà ti tẹ̀ léra yẹ ní kíkíyèsí: lílọ àti wíwá ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìrètí ló tẹ̀ lé e. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n máa retí. Ọ̀rọ̀ tó sì lò fún wíwá ní èdè Lárúbáwá, taḥassasū, inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìmọ̀lára ló ti jáde: kí ènìyàn fi ojú, etí àti ọwọ́ wá nǹkan, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Wíwá báyìí kò jọ pípín ìwé kiri. Ìwé ìwáṣẹ́ kan náà tí ènìyàn fi ránṣẹ́ sí ogójì ilé-iṣẹ́ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ogójì ìwé kọ́ nìyẹn. Ìwé kan ni, tí wọ́n kọ̀ nígbà ogójì. Ẹni tó ń fi etí wáṣẹ́ yóò béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò gbà á pé kí ló kù díẹ̀ káàtó. Yóò gbé ìwé rẹ̀ fún àgbà tó ti gbani síṣẹ́ rí pé kó bá òun wò ó. Bó bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni òun kò mọ̀ tó, yóò wá ibi tí yóò ti kọ́ ọ. Kò ní í lo oṣù mẹ́ta láti máa sọ pé "bí ó bá ṣe pé mo dáhùn ìbéèrè yẹn báyìí ni". Nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, Ànábì pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ lépa ohun tó máa ṣe é láǹfààní, kó wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun, kó má sì káàárẹ̀. Ó sì kọ̀ fún un láti máa sọ "bí ó bá ṣe pé", nítorí ọ̀rọ̀ náà ń ṣílẹ̀kùn fún èṣù.

Ta ni wọ́n kọ̀ tó Ànábì fúnra rẹ̀? Lẹ́yìn ikú Khadija àti Abú Tálíbù, ó lọ sí Tọ́ífù, wọ́n sọ ọ́ lókò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Ní àwọn ìgbà iṣẹ́ Háájì, ó ń lọ láti àgọ́ ẹ̀yà kan sí òmíràn, Abú Láhábù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń pè é ní onírọ́. Ẹ̀yà tó kọ̀ ọ́ pọ̀, kí ó tó kan àwọn ọkùnrin mẹ́fà kan láti Yátíríbù ní Àkábà. Ní 622, ìlú àwọn mẹ́fà yẹn ni ó ṣí lọ.

Láti padà sí ọ̀rọ̀ ibodè, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó gba oyè yunifásítì ń sá fún un. Kàfíńtà ni Ànábì Sàkàríyà. Ànábì Dáúdà ń fi irin rọ ẹ̀wù ogun, ó sì ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọba ni o. Ànábì Mùsá, ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ààfin Fíríáónà, gba iṣẹ́ darandaran ní Mádíyánà lórí àdéhùn ọdún mẹ́jọ, tó lè di mẹ́wàá. Kí ó tó rí iṣẹ́ yẹn, ó ti kọ́kọ́ bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi láìgba owó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ló sì bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ bàbá wọn, pé alágbára àti olóòótọ́ ni. Abdur-Rahman ọmọ Awf dé Mọdínà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n fi ìdajì ọrọ̀ lọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta wàrà gbígbẹ àti ọ̀rá. Ọ̀dọ́ tó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò-owó, tó ń bá àwọn oníṣòwò mẹ́ta tọ́jú ìwé ìnáwó wọn lọ́jà nígbà tó ṣì ń retí ìwé láti ilé-iṣẹ́ ńlá, kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ó tilẹ̀ ti ní ohun tí yóò fi dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ti ṣe rí.

Àwọn ibodè kan wà ṣá tí Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ gbà. Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tó ń gba rìbá àti ẹni tó ń fún un. Owó tí wọ́n ń pè ní owó àyè, tí àwọn kan ń tà gẹ́gẹ́ bí ẹni ta iṣu, inú èyí ló wà, yàtọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ jìbìtì pọ́ńbélé. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń lọ bura lé lórí ní kóòtù láti fi ọdún márùn-ún dín ọmọ ọgbọ̀n ọdún kù, irọ́ ni, ìbúra èké ló sì tún gùn ún lórí. Ẹni tó bá wọlé síṣẹ́ pẹ̀lú irọ́ yóò máa jẹ ẹ̀rù pọ̀ mọ́ owó oṣù rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìntì.

Ti àwọn arábìnrin le jù. Wọ́n máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ híjáàbù kí wọ́n tó wọlé. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2017, ní Àbújá, wọn kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pe àwọn agbẹjọ́rò tuntun, nítorí pé kò bọ́ tirẹ̀. Kò ja ìjà ìgboro. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tó yẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò pẹ̀lú híjáàbù lórí rẹ̀. Ọ̀nà àwọn àgbà náà nìyẹn. Láyé ìjọba òyìnbó, nígbà tí púpọ̀ nínú ilé-ìwé wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni wọ́n yí lórúkọ padà kí wọ́n tó lè kàwé. Àwọn kan kò gbà á bẹ́ẹ̀: ní 1923, wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, Nawair-Ud-Deen tẹ̀ lé e ní Abẹ́òkúta ní 1939, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Ó wá ku àwọn àgbà òde òní. Ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí, wọ́n ń kéde ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti owó símẹ́ǹtì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jókòó ní sàfù kìíní, ó mọ̀ pé àyè akọ̀wé méjì ṣí ní ọ́fíìsì òun, kò sì ronú pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ nínú mọ́sálásí. Kò sẹ́ni tó ní kó gba ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Kí ó sọ ọ́ jáde ni, kí àwọn ọmọ náà lọ bá àwọn ẹlòmíràn du ú. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí sì tún ní owó sáká níkàáwọ́. Àwọn onímọ̀ ìlànà Ṣáfíì, tí Imam Nawawi tó kú ní 1277 wà lára wọn, sọ pé tálákà tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè gba iye tí yóò fi ra irinṣẹ́ rẹ̀ nínú sáká, kì í ṣe oúnjẹ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àpótí irinṣẹ́ kàfíńtà kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò: kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó kí Rámàdáánì tó dé, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó wà ládùúgbò wọn sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí oníkálukú mọ̀, kí wọ́n sì wo ẹni tí owó ọdún yìí lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.